Ìdérí Ìgò Kẹfà

Ọmọdébìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í ṣi ìṣirò ṣe mọ́, òun gan-an sì ni ìtìjú mi. Bí ó bá kan ẹgbẹ́ wọn láti wá jókòó sórí ẹní lọ́dọ̀ mi, yóò kó ìdérí ìgò rẹ̀ sílẹ̀, yóò tò wọ́n, yóò sọ iye wọn, èsì rẹ̀ yóò sì pé pérépéré. Lẹ́yìn náà yóò dorí kodò títí n óò fi lu aago. Màmá tó ni ilé-ìwé wa sọ níwájú gbogbo olùkọ́ pé kí wọ́n wá wo bí mo ṣe tún ọmọ náà ṣe, kí wọ́n sì máa wò mí kọ́ṣe. Mo tẹrí ba, mo ní ẹ ṣeun mà, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń sọ pé kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé mi mì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yìn mí fún ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni mo kọ́. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àdìtú ju oúnjẹ lọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ìdí ayò ni wọn yóò ti bá mi, kì í ṣe nítorí kí n lè jẹ, bí kò ṣe nítorí kí n lè mọ ìdí tí ẹni tó jẹ fi jẹ. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, mo wá iṣẹ́ kiri àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà lójú títì márosẹ̀, n kò rí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Mowe ló gbà mí, wọ́n sì fi mí sí kíláàsì kìn-ín-ní, níbi tí àwọn ọmọ ṣì ń sunkún pe ìyá wọn lówùúrọ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Olùkọ́ á pè é, gbogbo ọmọ á gbè é: ẹẹ́jì àti ẹẹ́ta, márùn-ún. Àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ló ń gbé ohùn, àwọn yòókù ń la ẹnu tẹ̀lé wọn. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan?

Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké mẹ́rin, mo sì fi èso sọ wọ́n lórúkọ: Ọsàn, Ìbẹ́pẹ, Àgbọn àti Àgbálùmọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà lọ́dọ̀ mi lórí ẹní, òmíràn á máa fi káàdì nọ́ńbà ṣeré, òmíràn á máa di igi ìgbálẹ̀ tí mo gé kéékèèké ní mẹ́wàá mẹ́wàá, òmíràn á máa kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Bí mo bá lu aago, gbogbo wọn á dìde, wọn á ṣí sí ibi tó kàn. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò ṣe ìṣirò kankan rárá. Bí a ṣe ń dìde láìtì ara wa ni a ń kọ́, bí a ṣe ń ká ẹní, bí a ṣe ń kó ìdérí padà sínú agolo, àti pé bí nǹkan bá rú ọ lójú nígbà tí èmi, Áńkù wọn, wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, ẹni tó jókòó tì ọ́ ni kí o kọ́kọ́ bi. Nígbà tí ó wá gún régé, tí mo bá lu aago tí àwọn ọmọ kéékèèké yẹn sì ṣí nípò lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ariwo, inú mi á dùn bí ti ẹni tó tún ẹ̀rọ tó ti kú ṣe. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbàgbé pé ọmọ kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí ẹní mi ni mo pè ní ìṣirò ilé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ìdérí ìgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jọ ń gbé. Láti orí ìyẹn ni a ó ti máa fi kún un, tí a ó máa yọ kúrò: bàbá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ku mélòó? Àǹtí dé láti Ifọ̀, ó di mélòó? Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé èèyàn wọn ni wọ́n ń tò. Olùkọ́ kíláàsì kejì nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀, obìnrin kan tí a ń pè ní Àǹtí Ṣọlá, tó ń gbé ní Ibafo.

Ó ní, “Áńkù, ẹ fi ará ilé onílé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ọsàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Mo ní, “Bí a bá kà wọ́n ńkọ́? Ṣé wọ́n á dín ni?”

“Ẹ̀yin lẹ kàwé,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ìyá tiyín náà kò ní jẹ́ kí n na ìka sí yín lórí.”

Òótọ́ ni. Ìyá mi kò ní gbà. Ilé tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ti tọ́ mi, èmi kì í ṣe àjèjì tí a ó ní kò mọ̀. Mo kàn kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò mọ ìṣirò.

Kẹ́hìndé wà nínú ẹgbẹ́ Àgbọn. Bàbá rẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kó èrò ní Ibafo, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Ọmọ náà kì í pariwo, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bí ó bá sì di igi ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá, mẹ́wàá ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dé orí ìṣirò ilé, ìdérí rẹ̀ á fi ẹyọ kan lé. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún mi nígbà tó mú un wọlé pé àwọn márùn-ún ló wà nílé. Kẹ́hìndé á to mẹ́fà. Bí mo bá ní bàbá ti jáde, á yọ ọ̀kan, á ní ó ku márùn-ún. Mo dán an wò pẹ̀lú ọsàn, kò ṣì í. Mo dán an wò pẹ̀lú bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣì í. Ilé tirẹ̀ nìkan ni ẹyọ kan ti ń lé. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ti rí àdìtú. Ojú mi là bí ojú ọdẹ tó rí ipasẹ̀ ẹran.

Mo ní kí ó dárúkọ ìdérí kọ̀ọ̀kan fún mi. Ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n: “Bàbá mi. Ìyá mi. Ìyá àgbà. Bùrọ̀dá Mùtíù. Èmi. Táyé.”

“Táyé dà?”

“Ó rin ìrìn àjò.”

“Ìgbà wo ni yóò dé?”

“Ìyá àgbà ní kò tíì tó àkókò.”

Mo bi Àǹtí Ṣọlá nígbà tí a ń jáde. Ó dúró kí àwọn ọmọ kọjá tán. Ó wá sọ fún mi pé ibà ló mú Táyé lọ, kí wọ́n tó mú ọmọ kejì wá sí ilé-ìwé wa. Wọn kì í sọ ọ́ sétí èyí tó kù, nítorí ẹ̀mí ìbejì kì í fẹ́ dá wà. Bí ìyá rẹ̀ bá rán aṣọ kan, méjì ló ń rán. Bí wọ́n bá fún ọmọ náà ní pọ́fùpọ́fù, á já a sí méjì, á fi apá kan sílẹ̀. “Ẹ rọra ṣe é o, Áńkù,” ó ní. “Ẹ fi ẹyọ yẹn sílẹ̀ fún un.”

Nítorí náà, mo mọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀ ni, n bá ti máa rí oorun sùn.

Ó ṣe, Màmá tó ni ilé-ìwé pe àwọn òbí, ó sì pe àwọn olórí ilé-ìwé mìíràn láti Ifọ̀ àti Ajuwọn, pé kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń fi ẹgbẹ́ kéékèèké kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Mo gbá kíláàsì, mo to ẹní, mo fọ gbogbo ìdérí. Aago lù, àwọn ọmọ ṣí nípò, àwọn àlejò sì ń mi orí. Ẹgbẹ́ Àgbọn ló bọ́ sórí ẹní mi. Bàbá kan tó wọ awò ojú, olórí ilé-ìwé kan láti Ajuwọn, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Kẹ́hìndé, tó ti to ìdérí tirẹ̀ sílẹ̀.

“Ìwọ, arẹwà, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?”

“Mẹ́fà, sà.”

Mo sọ ọ́ láìròtẹ́lẹ̀ pé, “Márùn-ún ni, sà. Ó máa ń fi ẹyọ kan lé.”

Ìyá ọmọ náà wà láàárín àwọn òbí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Mẹ́fà ni wá, sà. Ọmọ náà gbà á.”

Bàbá yẹn yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. “Áńkù, ìyá ọmọ ní mẹ́fà, ẹ̀yin ní márùn-ún. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí wọn fún un ni?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá tó ni ilé-ìwé náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ó yẹ kí n ṣe? Kí n rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn, kí n ní mo ṣì í, kí n lu aago. Aago náà wà lọ́wọ́ mi. Ìyá yẹn ti ṣí ọ̀nà fún mi, bí mo bá gbà á, kò sí ohun tí n óò pàdánù ju ẹ̀rín díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi tí n kì í gbà kí èsì tí kò tọ̀nà dúró, mo na ọwọ́, mo mú ìdérí tó gbẹ̀yìn kúrò níwájú ọmọ náà, mo gbé e sókè kí wọ́n lè rí i. Mo ní, “Èyí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti kú, a kì í kà á mọ́ àwọn tó wà nílé.”

Ẹ̀rín dá. Kẹ́hìndé gbójú sókè, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ìyá rẹ̀.

“Ìyá mi, ta ló kú?”

N kò mọ ohun tí mo rò pé obìnrin náà yóò ṣe. Bí ó bá gbá mi létí, ó tọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn bí ẹni pọn ìkókó, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti kọjá pípọ̀n. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. “Ẹ ṣeun, Áńkù,” ó ní. “Ẹ ti bá wa kà wọ́n.” Ó sì lọ.

Mo lọ sí ilé wọn ní Ibafo, Àǹtí Ṣọlá ló mú mi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá àgbà ní kí n dìde, ó ní kí wọ́n fún mi lómi mu. Kò bú mi. Ó kàn sọ pé kò sí oúnjẹ tí ọmọ náà ń já sí méjì mọ́, pé nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ gé aṣọ, ọmọ náà ní, “Ẹ gé ẹyọ kan. Ó ti tó.” Bàbá ọmọ náà ń nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níta títí mo fi lọ.

Kẹ́hìndé padà sí kíláàsì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ padà, wọn kò fi ipá mú un. Ní àárọ̀ tó dé, mo ti pa ìṣirò ilé tì, ọsàn ni mo kó sórí ẹní. Ṣùgbọ́n ó lọ mú ìdérí ìgò fúnra rẹ̀ láti inú agolo, ó to márùn-ún sílẹ̀ níwájú mi, ó sì ní, “Márùn-ún, Áńkù.” Ohun tí Màmá tó ni ilé-ìwé rí nìyẹn tó fi ń yìn mí. N kò ní ìgboyà láti sọ fún un pé ohun tó ń pè ní títún ṣe, ìbàjẹ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, kì í ṣe pé kí a má pín ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké. Ó dára, n óò máa ṣe é lọ. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá mú ọmọ súnmọ́ra yín tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì rí i pé iye rẹ̀ fi ẹyọ kan lé, ẹ wo ojú ọmọ náà kí ẹ tó wo ìdérí. Ní tèmi, mo ti ṣe é bàjẹ́ ná, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, nígbà tí àwọn yòókù ń ká ẹní, Kẹ́hìndé dúró tì mí. Ó bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́ tó fi ń bi mí ní ìbéèrè ìṣirò: “Áńkù, tí mo bá to márùn-ún sílẹ̀, tí mo sì ń ka Táyé mọ́ wa nínú mi bíi ti Ìyá mi, ṣé mo ṣì í?” Èmi tí mo ti ń wá ojútùú àdìtú láti kékeré, mo lu aago kí àkókò rẹ̀ tó tó, kí n má baà dáhùn. Ní ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ́ Àgbọn ni yóò kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní mi. Kí ni kí n sọ fún un?