Pákó Tí Mo Pààrọ̀ Lọ́jọ́ Kẹfà

Ẹ má foríjì Mùtíù. Kò ṣẹ̀ yín. Áàfáà, ẹ dákun, ẹ dá àdúrà fìdáù yìí dúró díẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, Alájà Wòsílátù sì dìde láàárín àwọn ará Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní, "Ikú àbúrò mi Bàdírù, mo fi jì í nítorí Ọlọ́run." Inú bí mi sí ara mi débi pé mi ò lè jókòó mọ́. Èmi Lùkúmàn tí ẹ ń kí kú àfẹ́kù ọ̀rẹ́, èmi ni mo ṣe ohun tí ẹ fi ń ṣépè fún un láti ọdún mẹ́rin.

Ẹ mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ dá iṣẹ́ pákó àgbọn sílẹ̀ níhìn-ín ní Ìgbògbò. Ẹnu ni tèmi, Mùtíù ló ni ọpọlọ. Èèpo àgbọn tí àwọn èèyàn ń sun níná, òun ló ń rẹ ẹ́ sómi, á fà á tú bí òwú, á fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pò ó pọ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú irin gbígbóná. Lẹ́yìn náà ló máa fi òróró èèpo kajú pa á lára lẹ́ẹ̀mẹta, á sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Lùkúmàn, má kánjú. Sítáàṣì ò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ. Bí omi bá ráyè wọ̀ ọ́, ó ti padà di ẹ̀kọ nìyẹn."

Alájà ní ọkọ̀ ẹja méjìlá ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n fẹ́ pákó tí kò ní jẹrà síwájú ọkọ̀, níbi tí ẹni tó ń ju àwọ̀n máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ilé wọn kì í ra ohun tí ọ̀sà ò tíì tọ́ wò. Wọ́n á so pákó mọ́ òpó ní èbúté, á wà nínú omi fún ọjọ́ méje, lọ́jọ́ keje wọ́n á gun orí rẹ̀. Mùtíù ń lọ wá òróró kajú sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí n dúró de òun. Mi ò dúró. Àwọn olówó kan fẹ́ bá wa dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá wo pákó wa lójú omi, ojúkòkòrò sì ti bò mí lójú. Mo tẹ pákó méjìlá láìfi òróró kàn wọ́n, mo gbé ọ̀kan lọ fún ìdánwò.

Lọ́jọ́ kẹfà mo yọjú sí i, ìka mi wọlé sínú rẹ̀ bí ẹni ń tọwọ́ bọ ẹ̀bà. Mo tú u kúrò. Èyí tí Mùtíù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó fi òróró pa pé, ni mo so síbẹ̀. Lọ́jọ́ keje Alájà gun orí rẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. "Lùkúmàn, ṣé bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nìyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alájà." Mo tún rẹ́rìn-ín sí i, èmi aláìnítìjú.

Wọ́n sanwó, mo sì kó àwọn tí kò lóròóró fún wọn kàn mọ́ iwájú ọkọ̀. Kò pé oṣù méjì tí Bàdírù dúró lórí ọ̀kan nínú wọn láti ju àwọ̀n. Ó ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Okùn àwọ̀n wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, kò ráyè tú u kó tó rì.

Ẹ rò pé èyí ló burú jù? Wọ́n pè wá sí mọ́ṣáláṣí. Mùtíù ní òun ò sí nílé nígbà tí wọ́n tẹ pákó náà. Èmi ni mo gbọ́wọ́ lé Àlùkùránì, mo ní òun ló pò ó, òun ló yọ òróró kúrò, pé èmi ò mọ̀ rárá. Ó ní, "Lùkúmàn, ṣé ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní ibùdókọ̀ Agric, èmi sì ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe pákó àjà fún àwọn tó ń kọ́lé. Òróró ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń fi pa á báyìí. Olè ni mí.

Pákó ìdánwò yẹn ni Alájà fi ń pàtẹ ẹja títí dòní. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á fọwọ́ lù ú: "Ó mọ èyí tó dáa ṣe, ikú ló wá fún Bàdírù." Èmi náà á dáhùn pé, "Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́." Ẹnu mi yìí náà ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ wò mí dáadáa. Ummulkhair, ọmọ Mùtíù, kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ nìyí. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o foríjì mí lónìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ, kò sí ará Ẹ̀pẹ́ kan tó wá kírun sí i lára, èmi ni mo fà á. Alájà, bí ẹ bá padà délé, inú á bí yín sí pákó yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún. Ọdún kẹrin rèé tí omi ẹja ti ń dà sí i lórí, kò wú, kò sì rọ̀. Ẹ gbé e fún ọmọ rẹ̀.