Fìlà Ọkọ Mi La Sin Kí Bùkọ́lá Tó Wọlé

Ẹ bá mi pariwo Jésù! Ẹ pariwo rẹ̀ kó dé Ibo Road!

Ẹ̀yin ará, èmi Ìyá Bùkọ́lá tó ń ta aṣọ ní Kantin Kwari nìyí. Sabon Gari ní Kano níbí ni wọ́n bí mi, níbí náà ni mo bí Bùkọ́lá sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọmọ náà ń fẹ́ láti kékeré. Òun àti Sadiya, ọmọ ojúlé kejì wa, jọ ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Máàkì Sadiya ò tó tiẹ̀ rárá. Sadiya ni wọ́n mú! Mo sáré lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Hakuri, Mama, ẹ ṣe sùúrù. Ọmọ onílùú la kọ́kọ́ ń mú. Ẹ lọ sí ìlú ọkọ yín." Ọkọ tó ti kú! Háà!

Mo mú ọmọ, ó di ìlú ọkọ mi. Wọ́n ní àfi kí baálé ilé jẹ́rìí fún wa ní káńsù pé ọmọ ìlú ni Bùkọ́lá. Bùkọ́lá dé iwájú bàbá, kò kúnlẹ̀, ó lóṣòó, ó fi Hausa kí wọn, "Ina wuni." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Kano lẹ sin ọmọ mi sí. Ẹ ò mú irun wá, ẹ ò mú èékánná wá. Ẹni tí a ò sin nǹkankan rẹ̀ sílé, báwo lọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ jẹ́ ọmọ ilé?" Fìlà ọkọ mi nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, tí mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ tí àárò rẹ̀ bá sọ mí. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n sin ín. Mo tún sunkún ọkọ mi lákọ̀tun. Lọ́jọ́ kejì, bàbá tẹ̀lé wa dé káńsù, wọ́n fún wa ní ìwé ọmọ ìlú, Bùkọ́lá sì ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì tibẹ̀.

Ẹ yin Olúwa! Ẹ ò tíì yìn ín! Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n mú láti ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, Bùkọ́lá mi ni!

Ìyálé mi, ìyá Ṣadé, tó gbà wá sùn sí yàrá rẹ̀ níbẹ̀, pè mí lórí fóònù. Ṣadé náà ṣe ìdánwò ọ̀hún. Ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ ò tó ti ọmọ mi. Ìyálé mi ń sunkún: "Ìyàwó, ọmọ tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá ló wá gba àyè ọmọ mi?"

Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ìyálé mi. Ọmọ onílùú ni wọ́n mú." Mo pa fóònù.

Ẹ ṣeun, Jésù! Ẹ ṣeun, Bàbá! Ìwọ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú, má bọ́hùn. Ẹni tó ṣe tèmi á ṣe tìẹ. Ẹ sì bá mi rántí Ṣadé nínú àdúrà o, kóun náà rí ìlú tó máa gbà á.