Orúkọ Ta Ni Jìtá Ọkọ Mi Ń Pè?

Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ kúrò lọ́rùn, tí ó sì tún ń jowú, irú ènìyàn wo ni ẹ ó pè é? Èmi ni obìnrin náà. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti sùn kò lè yan ẹnikẹ́ni láàyò mọ́. Síbẹ̀, láti ìgbà tí a ti sin ọkọ mi, ohun kan náà ni mò ń rò bí mo bá jí, òun ni mò ń rò bí mo bá ń mu ẹ̀kọ, òun ni mò ń rò nígbà tí mo bá kọjú sí pátákó níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé mi: ta ni ó ń pè? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kò lè sọ ọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí wọn yóò ní kí n lọ gbàdúrà sí i, mo sì ti gbà á títí.

Tẹ́lọ̀ ni ọkọ mi nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ ń béèrè tẹ́lọ̀, ẹ lè rìn títí kí ẹ má rí i. Oníjìtá ni kí ẹ béèrè, ọmọdé yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Àlàó ni oríkì rẹ̀. Ìkòyí-Ilé ni wọ́n bí i sí, láàárín oko iṣu àti ọkà bàbà, ìgbà tó sì di géńdé ló tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Góòlù Kóòsì. Níbẹ̀ ló ti pàdé atukọ̀ òkun kan tó kọ́ ọ ní jìtá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo àwọn ni àwọn jọ lọ tajà: àwọn ń ta aṣọ, Àlàó ń ta jìtá, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tó rí tirẹ̀ gbé lọ sílé. Ibẹ̀ náà ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú ní Ìkòyí. Kí ìròyìn tó dé etí rẹ̀, wọ́n ti sin ín. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé orin rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí? Kì í ṣe orin ijó. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni yóò máa rìn lórí àwọn okùn ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti oko bọ̀ tí ó rẹ̀ ẹ́, tí kò sì fẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé ó rẹ òun. Ìka kejì ni yóò máa sọ̀rọ̀ lókè. Yóò wá fi ohùn kékeré kan kọrin ọ̀nà jíjìn, orin òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀, orin ẹni tó dé ilé tí kò bá ẹni tó fẹ́ bá. Àwọn awakọ̀ lọ́rì tí wọ́n wá mu ẹmu níbi tó ti ń ṣeré á gbé igbá sílẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan tó ń fi etí aṣọ nu ojú, tó ní èéfín ló ń ta òun lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná níbẹ̀. Orin ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ ọ tán, ara rẹ yóò fúyẹ́.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Nínú gbogbo orin rẹ̀, ó ní ibì kan tí yóò ti pa ẹnu mọ́, tí jìtá nìkan yóò sọ̀rọ̀. Ohùn mẹ́ta péré ni: méjì ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Dò, dò, mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kó má wá ọ̀rọ̀ sí i. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì tèmi. Ẹ pè é wò, kí ẹ gbọ́ bí ó ti lọ.

Aṣọ tí mo gbé fún un rán ni mo lọ gbà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò tíì rán an tán. Ọ̀gbẹ́ni náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, jìtá wà lórí itan rẹ̀. Inú ń bí mi, mo yí padà pé kí n máa lọ, ni mo bá gbọ́ tí ẹnì kan pe Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn mi. Mo dúró.

Mo ní, "Ta ló sọ oríkì mi fún yín?"

Ó ní, "Tíṣà, ẹnu mi kò yà."

"Ẹ pè mí."

"Jìtá ló sọ̀rọ̀. Ta ni ẹ rò pé ó pè?"

Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Kò rán aṣọ náà tán títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sì ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, bí ẹni pé aṣọ ni mò ń bẹ̀ wò.

Díákónì ni bàbá mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ó ní òun kò rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí n lè wá máa gbé igbá ẹmu fún awakọ̀. Nígbà tí Àlàó wá kí i, ó gbé jìtá lọ́wọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun fẹ́ ta orin ìyìn kan fún bàbá. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ta ohùn mẹ́ta rẹ̀. Bàbá mi, tó ti kọjú sí ògiri, yí orí padà wìrì. Ó wo ìyá mi, ó ní, "Ta ló lọ sọ fún ọmọ yìí pé Àjàní ni mí?" Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí mo ṣe rí ọkọ fẹ́ nìyẹn.

A gbé pọ̀ dáadáa. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, òun àti Ràfíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń lu ìgò sí orin rẹ̀, a máa wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀yọ́. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń ṣeré, wọn yóò sì sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń yangàn pé èmi ni ọkọ mi ń fi jìtá pè, Ràfíù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, Àdùkẹ́ kan ń bẹ l'Ọ́yọ̀ọ́ tó ń jẹ́ ẹ jù yín lọ." Mo pe Àdùkẹ́ nínú ọkàn mi. Dò, dò, mí. Oúnjẹ tó wà lẹ́nu mi korò. Ìgbà tí mo wá fi pẹ̀lẹ́tù bi ọkọ mi léèrè, ohun tó sọ ni pé, "Ẹni tó bá dáhùn ni mo pè." Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ìgbà ọyẹ́, ní ìgbà òjò, nígbà tí inú rẹ̀ dùn, nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. Èsì kan náà ni. Mo rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwàdà yóò sú u. Ibà ni ó dé kí ọjọ́ náà tó dé, ó sì mú un lọ.

Àwọn kan ní Ìbàdàn tó ń gba ohùn olórin sínú àwo giramafóònù ti ránṣẹ́ pè é kó tó kú. Wọ́n ní kí Ràfíù máa bọ̀ báyìí, òun náà mọ jìtá ta díẹ̀, kí orin náà má baà ṣègbé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ibi tí ẹnu ti pa mọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá ra àwo yóò rò pé ó ti bàjẹ́. Kí ó fi orúkọ kan sí i. Ràfíù wá bá mi pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. "Tíṣà, orúkọ ta ni kí n fi sí i?" Ẹ wò ó, ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí ni ẹnì kan gbé sí mi lọ́wọ́. Kí n kàn la ẹnu kí n wí pé Àbẹ̀kẹ́ ni, ó parí. Gbogbo ìlú yóò mọ̀. Mo ní kó fún mi láàyè kí n rò ó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àdùkẹ́ wá kí mi kú ìrọ́jú. Mo ti fi ọkàn yàwòrán rẹ̀ tipẹ́: tẹ́ẹ́rẹ́, pupa, eyín tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Arúgbó sísanra kan ló sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé tìmùtìmù aláwọ pupa kan sábẹ́ apá. Òun ló ń ta wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Mo ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Àdùkẹ́?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "O rò pé mo tẹ́ẹ́rẹ́."

N kò lè purọ́ fún yín, mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní ilé òun ni wọ́n ń sùn sí, òun ló ń se ọbẹ̀ fún wọn, àti pé Àlàó kì í wọlé láìkọ́kọ́ fi jìtá pe òun láti ẹnu ọ̀nà.

Ó ní, "Tìẹ ni ọkọ, n kò bá ọ du ọkọ. Ṣùgbọ́n èmi ló ń pè lórí jìtá yẹn. Ràfíù ti sọ ọ̀rọ̀ àwo fún mi. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi. Láti ìgbà tí ìyá mi àti bàálé mi ti lọ, Ìyá Onítìmùtìmù ni gbogbo ayé ń pè mí. Ta ló tún ń pè mí ní Àdùkẹ́? Àwọn tó ń pe ènìyàn ní oríkì ń tán lọ ni."

Èmi náà, bàbá ti kú, ìyá ti kú, Àlàó ti lọ. Tíṣà ni mò ń jẹ́ ní òwúrọ̀, Tíṣà ni mò ń jẹ́ ní alẹ́.

Ó bẹ Ràfíù pé kó ta á kí òun gbọ́. Ràfíù mú jìtá, ó ta ohùn mẹ́ta náà. Àdùkẹ́ gbé orí sókè, èmi náà gbé orí sókè, a wo ara wa. Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá: "Ta ló ń pe Àlàó?"

Ìyá àgbà wa ni, àbúrò ìyá ọkọ mi, tó ti Ìkòyí-Ilé wá ṣọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó yọ síta, ó fi ọwọ́ di ara ògiri mú.

Ràfíù ní, "Mà, jìtá lásán ni."

Ó ní, "Jìtá kọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pè é nìyẹn, láti ẹnu ahéré, bí ó bá ti dín àkàrà tán. Yóò wà ní ìpẹ̀kun oko, yóò sì gbọ́. Àlàó!" Ó pè é sí ìta gbangba. Ó bá jìtá mu bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń bá ẹsẹ̀ mu.

Àwa ti ń jà lórí ẹni tó ń pè, kò sí ẹni tó rò pé Àlàó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nígbà tí mo wá rò ó dáadáa, mo rí i pé ìyá àgbà náà kò yàtọ̀ sí wa. Ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀ ló gbọ́. Ẹni tó lè sọ òótọ́ fún wa wà lábẹ́ ilẹ̀, n kò sì ní mọ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò jẹ́ kí n sùn. Lọ́jọ́ tí Àlàó kú, ilé ìwé ni mo wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí. Kí n tó sáré dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́, àwọn tó fẹ́ràn ẹni náà a máa ké pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan, bóyá yóò yí padà lójú ọ̀nà. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó pè é. Ọkùnrin tó pe gbogbo wa, kò sí ẹni tó pè é.

Nítorí náà, nígbà tí Ràfíù padà wá gbọ́ èsì, mo ní kó fi Àlàó sí i.

Ó ní, "Àlàó kẹ̀? Tíṣà, orin ìfẹ́ ni wọn yóò kà á sí o. Wọ́n á ní ọkùnrin ni mò ń kọrin ìfẹ́ sí."

Mo ní, "Kí wọ́n máa wí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń kọ ọ́, yóò máa pè é."

Ó ní ó dáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ibi tí mo ti nílò ìmọ̀ràn yín nìyí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Ràfíù ń lọ sí Ìbàdàn, Àdùkẹ́ kò sì tíì mọ̀. Mo gbọ́ pé ó ti sọ fún gbogbo ará ọjà pé àwọn yóò gbọ́ orúkọ òun nínú àwo. Òun náà pàdánù Àlàó bí mo ṣe pàdánù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kí i kú ọ̀fọ̀. Ṣé kí n dákẹ́ kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, àbí kí n lọ bá a? Ọkàn mi ń sọ pé kí n wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀yọ́, kí n pè é ní Àdùkẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, kí n jókòó tì í, kí n sì bẹ̀ ẹ́ pé ká jọ máa pe Àlàó. Ohùn rẹ̀ ga ju tèmi lọ. Bóyá tirẹ̀ ni yóò gbọ́.