Ife Ọgọ́rùn-ún Ọdún àti Yìgì Kan

Lọ́dún tí ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà gba ife lẹ́yìn ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró síwájú àtẹ fìlà mi ní Misfalah, ní Mẹ́kà, wọ́n ń jà, wọn ò sì ra nǹkan kan.

"Ìyàwó mi, ní sùúrù kí n gba ìkámà, ìwé ìgbélùú Saudi, ná."

"Ìyàwó ta ni? Ta ló so yìgì wa?"

"Ṣé o rí àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù yẹn? Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olólùfẹ́ wọn fi retí ife. Wọ́n sì gbà á!"

"Àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í retí ńkọ́? Ṣé wọ́n bá wọn jó?"

Háà! Àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Èmi ò mọ òfin bọ́ọ̀lù onígi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé obìnrin yìí ti gbá a kọjá ògiri.

"Láìsí ìkámà, báwo ni mo ṣe máa lọ so yìgì nílé kí n tún padà wọlé síbí?"

"Ta ló ní kí o lọ? Àwọn bàbá wa ló máa jókòó so ó ní Ìlọrin. Àbí bàbá rẹ náà nílò ìkámà kó tó gun ọ̀kadà dé ilé wa?"