Sítíárìn Tó Le Lójú Ọ̀nà Abẹ́òkúta

Ẹ bá mi gbé ohùn sókè fún Ọba tí kì í fi ẹni tó gbójú lé e sílẹ̀! Ògo! Mo ní ògo! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ yín o. Ògo! Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó dáadáa, torí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ìyanu, tó ń bá wọn tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan nínú ọgbà yunifásítì ní Ayétòrò wa níbí. Bàbá Ìyanu, ọkọ mi, ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù yẹn. Ẹ ju ọwọ́ sí wọn. Ẹ mọ̀ pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, a gbọ́dọ̀ gbé wọn dé ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta kí ẹ̀rọ bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ohun tí èèyàn lè ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí a bá pa ẹyọ kan jẹ, ẹsẹ̀ wọn á wú, ojú wọn á wú, tí wọ́n bá sì dùbúlẹ̀, èémí ò ní fẹ́ẹ́ wọlé.

Mọ́tò kékeré wa ni Ọlọ́run ń lò fún wa. Èmi ni mo ń wà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa, ẹ̀yin náà rí bí ọ̀nà ṣe dà. Kọ́sítọ́ọ̀mù níhìn-ín, sójà lọ́hùn-ún, igi lójú títì, "ẹ ṣí bùútù ká wò ó." Mọ́tò èrò ò tó nǹkan mọ́. A gbìyànjú bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n tú ẹrù gbogbo èrò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, oòrùn ń pa ọkọ mi, Bàbá Ìyanu sì bì sára aṣọ wọn lójú gbogbo èèyàn. Mo ní mi ò tún dán an wò mọ́ láéláé.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. A ò tíì jáde ní Ayétòrò tán tí iná yẹ́lò kan tàn lójú dáṣíbọọ̀dù níwájú mi. Kí n tó sọ pé kí lèyí, sítíárìn le. Ẹ̀yin ará, ó le! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹ bá ń yí sítíárìn tí ẹ̀ńjìnnì ò sì ṣiṣẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà. Nígbà tí a dé kọ́nà, igbó ni mo rí níwájú mi. Mo pariwo, "Jésù!" Òun ló yí i. Kì í ṣe apá mi yìí.

Lọ́sàn-án, nígbà tí a padà dé, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá Múfú, mẹkáníìkì wa. Ẹ gbà mí o! Iná ti kú, sítíárìn ti rọ̀ bí òwú. Ọ̀gá Múfú wà á yípo àdúgbò, kò rí nǹkankan. Ó ní, "Màmá, bóyá ẹ̀rù ló kàn ń bà yín." Ẹ̀rù! Èmi tí mo ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí i! Lọ́jọ́ Ẹtì, láàárọ̀, iná tún tàn. Lọ́sàn-án, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́sẹ̀ kejì.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá Múfú ní kí n gbé e wá láàárọ̀ kùtù. Ó ki kọ̀ǹpútà bọ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó wò ó, ó mi orí.

"Màmá, ohun kan wà lábẹ́ sítíárìn yín, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ fún mọ́tò pé apá ibi báyìí ni dẹ́rẹ́bà yí sí, àti bó ṣe yí i tó. Tí kò bá sọ̀rọ̀, mọ́tò ò ní mọ ibi tí ẹ fẹ́ lọ, kò sì ní bá yín ti sítíárìn mọ́. Ó ti kú. A máa pààrọ̀ ẹ̀ ni."

Mo ní, "Níbo la ti máa rí i?"

Ó ní, "Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, lódìkejì bọ́dà, ni wọ́n ti ń kó o wọlé."

Ẹ gbọ́ o. Lásìkò tí wọ́n ti bọ́dà pa!

Ọ̀gá Múfú fún mi ní nọ́ńbà ẹnìkan tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò. Ọkùnrin náà ṣèèyàn. Ó pè mí padà lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Màmá, ó wà. Ẹni tí à ń bá ṣe é ní Àjàṣẹ́ ti gbé e sọ́wọ́, ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ kò sóhun tó ń kọjá báyìí, èmi ò sì lè gba inú igbó."

Mo bi í pé, "Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣí i?"

Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ṣófo. Ó ní, "Màmá, àwa náà ń béèrè."

Fọ́tò yẹn wà lórí fóònù mi di òní. Mo máa ń wò ó nínú ọ́fíìsì, màá wá dojú fóònù délẹ̀. Ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi! Ó wà lọ́hùn-ún, ọkọ mi wà níhìn-ín, mi ò sì lè ṣe nǹkankan. Mi ò mọ ẹnìkan ní Àbújá. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bẹ̀. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti bá rí, ẹ mọ̀ pé ẹkún ibẹ̀ kì í jáde.

Mo wá fi àdúrà kún àdúrà. Ẹ mọ omi oníyọ̀ tí Bàbá Wòlíì máa ń yà sí mímọ́ fún wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa ni mo ti ń lò ó sí mọ́tò. Láràárọ̀, kí n tó tan mọ́tò, màá da ìdérí ìgò kan sáàárín sítíárìn, màá ní, "Olúwa, fi ojúrere wa sọ́kàn àwọn tó dúró lójú ọ̀nà." Ìdérí kan péré ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iná yẹ́lò bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ di méjì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ní sẹ́ńsọ̀ ti kú, mo sọ ọ́ di mẹ́ta, mo ń fọwọ́ pa á wọlé, mo ń ké pe Ọlọ́run àjíǹde.

Àmọ́ bí àdúrà mi ṣe ń pọ̀ sí i ni sítíárìn ń le sí i. Mo bi Ọlọ́run pé, kí ni mo ṣe fún ọ?

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ó wá burú jù. A dé ibi tí àwọn sójà dúró sí. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ pé kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, sítíárìn ò yí. Mo tẹ búréèkì, ó ku díẹ̀ kí n gbá dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé sójú títì. Ni wọ́n bá ya bò wá. "Màmá, ẹ fẹ́ sá ni? Kí lẹ gbé?" Mo kàn nawọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá wọn bẹjú wo ẹ̀yìn mọ́tò, ó rí ọkọ mi lórí ìrọ̀rí, ojú wọn wú. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Wọ́n bá wa ti mọ́tò sábẹ́ igi. Ó ní, "Màmá, mi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ gbé èyí dé Abẹ́òkúta báyìí. Ẹ máa pa ara yín ni."

Abẹ́ igi yẹn la jókòó sí títí oòrùn fi mú. Nígbà tó di ọ̀sán, mo dán sítíárìn wò, ó ti rọ̀! Mo pe ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹlòmíì ti wà lórí ẹ̀rọ Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra léwu."

Bàbá Ìyanu gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ìyá Ìyanu, fi mí sílẹ̀ nílé. Ó ti rẹ̀ ọ́, ó ti rẹ èmi náà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi díẹ̀. Ẹ ṣeun. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé, "Lọ bá Ràímì ní Ìlaròó. Ríwáyà ni. Iná mọ́tò nìkan ló mọ̀, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n." Mo gbé mọ́tò lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bó ṣe máa ń ṣe náà ló ṣe: kò sí iná, sítíárìn rọ̀. Ràímì ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ṣòro jù, Màmá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi títí di ọjọ́ Ajé."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ibẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ku ọ̀la. Ràímì ń fi àkísà nuwọ́. Ó ní, "Màmá, mo wà á lánàá, mo wà á láàárọ̀ yìí. Mo fi tẹ́sítà wo iná rẹ̀. Mọ́tò yín ò ṣe nǹkankan o."

Mo jókòó sórí táyà kan tó wà níbẹ̀. Tí kò bá ṣe nǹkankan, kí ló wá ń ṣe èmi? Mo dìde, mo ní kò burú, kí n máa lọ. Mo wọ mọ́tò, mo yọ ìgò mi nínú báàgì. Ìdérí kan. Ìdérí méjì. Ìdérí mẹ́ta. Mo gbàdúrà, ó pẹ́. Mo tan mọ́tò, mo ní kí n yí i jáde.

Iná yẹ́lò tàn. Sítíárìn le.

Mo gbé orí lé e, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ràímì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Kì í ṣe èmi ló ń wò. Ìgò ló ń wò.

"Màmá, ẹ má bínú o. Kí lẹ dà síbẹ̀ yẹn?"

"Omi àdúrà ni."

"Ṣé ẹ máa ń dà á lójoojúmọ́ ni?"

"Láràárọ̀."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Rárá. Àárọ̀ nìkan."

Mùsùlùmí ni, mo rí i pé ó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ tí mi ò fi ní rò pé ó ń fi ìgbàgbọ́ mi ṣeré. Ó wá ní, "Màmá, àwa náà ń ṣe àlùwàlá. Àmọ́ ara wa la máa ń ṣe é fún. A kì í ṣe é fún mọ́tò."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún yín!

Ó tú orí bátìrì, ó ní ká sinmi díẹ̀ kí iná tán pátápátá, kí báàgì afẹ́fẹ́ inú sítíárìn má baà bú lù ú. Ó yọ sítíárìn, ó fa ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Ẹ̀yin ará! Àwọn irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, iyọ̀ funfun gbára jọ sí i lára. Wáyà kan ti jẹ tán, ó ku bí irun.

Ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ yín ò kú, Màmá. Iyọ̀ ló dí i lẹ́nu. Tí omi bá wà níbẹ̀, iná á ya síbi tí kò yẹ. Tí oòrùn bá mú kó gbẹ, á tún sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Múfú ò purọ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ò gbọ́ ohùn ẹ̀ ni, kò ní ó ti kú."

Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń bínú sí àwọn tó ti bọ́dà. Èmi náà ni mo ń ti ọ̀nà mọ́ ọkọ mi láràárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, pẹ̀lú orúkọ Jésù lẹ́nu mi.

Ràímì fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì fọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó gé wáyà tó jẹ, ó so tuntun, ó dì í dáadáa. Ó dá sítíárìn padà. Ó gbé e sáàárín, ó yí i lọ sósì títí ó fi dúró, ó yí i lọ sọ́tùn-ún títí ó fi dúró, kí sẹ́ńsọ̀ lè tún mọ àárín. Iná kú. Ó ní kí n yí i. Ìka kan ni mo fi yí i! Ògo! Ohun tó wà ní Àjàṣẹ́ tí mo ń wò nínú fọ́tò lójoojúmọ́, mi ò nílò ẹ̀ rárá.

Bàbá Wòlíì, ẹ má bínú sí mi. Omi yín ò ṣe nǹkankan. Èmi ni mo dà á síbi tí kò yẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a jáde. Bàbá Ìyanu ń wò mí láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "O ò da omi lónìí?" Mo ní, "Mo ti dà á. Orí mi ni mo dà á sí." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn. Ọ̀gá sójà yẹn rí wa, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì ṣí igi fún wa. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màmá, ẹ dé." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn péré, mo wólẹ̀ síbẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ fún Ràímì, kí Ọlọ́run tó ń sìn bù kún un. Mo dúpẹ́ fún Ọ̀gá Múfú, fún sójà tó ní kí n má pa ara mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú wàhálà, ẹ má dákẹ́ àdúrà o. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín tú u wò. Bóyá ohun tí ẹ ń wá lókè òkun, ìdọ̀tí ọwọ́ yín ló bò ó mọ́lẹ̀.

Mi ò wá sọ fún yín pé ara ọkọ mi ti dá. Kò tíì dá. Bọ́dà ò tíì ṣí. Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bá mi yin Olúwa, nítorí a máa dé ibẹ̀.