Akéwì Kánádà ti Kabala Costain

Ẹ má tíì lọ o! Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí láìfù fóònù mi yìí, ẹ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ẹ sún mọ́bí. Ẹ ò gbọ́ ohùn mi rí, àbí? Ewì tí mo kọ lẹ ti ń kà, ẹ̀yìn mi lẹ sì ń rí nínú fọ́tò. Ó tó gẹ́ẹ́. Ojú mi rèé, ohùn mi nìyí. Èmi ni Akéwì Kánádà tí ẹ ń yìn látọjọ́ yìí. Inú mi dùn, àní ó dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo, torí òní ni màá sọ ọ́, òní ni ẹ̀gún yìí máa kúrò lọ́nà ọ̀fun mi. Olúwatìmílẹ́yìn lorúkọ mi. Mi ò dé Kánádà rí. Mi ò tiẹ̀ wọ ọkọ̀ òfúrufú rí! Kabala Costain ni mò ń gbé, ní Kàdúná níbí, nínú àgbàlá ayálégbé kan. Ọmọ Mópà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mí, olùkọ́ sì ni mí nílé ìwé aládàáni kan. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà báyìí. Levi, ọmọ àdúgbò wa, ló ń wà á. Ungwan Rimi là ń sáré lọ, torí ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ lọ gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi rù níbẹ̀ lónìí, bí mi ò bá sì tètè dé, ó ti gbé e rù nìyẹn.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ síbí pé, "Akéwì, ṣé kẹ̀kẹ́ wà ní Kánádà ni?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa, mo yẹ lẹ́ni à ń fi rẹ́rìn-ín. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọyẹ́ ló bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Kàdúná mọ̀ pé kì í ṣeré: ètè á là, kùrukùru á bo gbogbo ojú ọ̀nà, èéfín á máa jáde lẹ́nu ọmọ èèyàn láàárọ̀. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní gwánjò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ kù. Apá rẹ̀ kan ti ya, Súnkànmí tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi ló bá mi fi òwú pupa ran án, torí ọwọ́ ẹ̀ mọ abẹ́rẹ́ ju tèmi lọ. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ọgbà Gamji, mo ní kí ẹnì kan tó ń kọjá lọ yà mí ní fọ́tò látẹ̀yìn bí mo ṣe dojú kọ kùrukùru. Mo wá kọ ewì kékeré kan sábẹ́ fọ́tò náà, nípa bí ilé ṣe ń wu ẹni tó wà nídàálẹ̀. Mópà ni ilé tí mo ní lọ́kàn o, Kàdúná sì ni ìdálẹ̀ náà. Irọ́ kankan ò tíì sí níbẹ̀. Àfi bí ìyá kan ṣe kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ kú òtútù òkè òkun o, akéwì wa! Ìlú wo lẹ wà?" Háà! Akéwì wa! Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ń kéwì níbi ìkómọ, wọ́n á ní kí n ṣe kíá kí ìrẹsì má baà tutù, èmi ni wọ́n ń pè ní akéwì wa! Àtàǹpàkò mi yìí náà ló tẹ̀ ẹ́: Kánádà.

Kí n tó mọ̀, ó ti di iṣẹ́. Láàárọ̀, mo wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo bá sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n á fi Hausa dá mi lóhùn. Lọ́sàn-án, mo wà lábẹ́ igi létí odò, mò ń kọ ewì. Tó bá dìrọ̀lẹ́, mo di ará Kánádà. Mo kọ́ bí agogo wọn ṣe ń lọ, kí n lè máa kí yín "ẹ káàárọ̀" nígbà tí oòrùn Kàdúná ti ń wọ̀. Tí mo bá ya fọ́tò koríko tútù, màá gé ewúrẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí ewì tí mo fi sunkún súyà, tí àwọn kan nínú yín bá mi sunkún? Súyà wà lẹ́nu mi nígbà tí mò ń kọ ọ́, ata rẹ̀ ló ń mú omi jáde lójú mi! Ẹ bú mi, ó tọ́. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ délẹ̀: ó dùn. Wallahi, ó dùn! Nígbà tí ìbò wá ń sún mọ́lé, ẹ ò fẹ́ ewì ilé mọ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ ń fẹ́. Ẹni tí mo bá fi ewì nà, ẹ̀yin náà á fi kọ́mẹ́ǹtì nà án. Ẹ ní ẹni tó wà lókè òkun ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà ní Kabala Costain náà ò bẹ̀rù, ṣebí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Súnkànmí fún yín, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sáré. Ilé iṣẹ́ kan ní Kudenda ló ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, "Bọ̀ọ̀dá Tìmí" ló ń pè mí. Tómi bá wọ́n, garawa tèmi ló ń kọ́kọ́ pọn kún. Ó fẹ́ gbé Faith níyàwó, ọmọ Baba Gbádégẹṣin. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Baba yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, Ungwan Rimi nilé wọn, àwọn sì ni alága ẹgbẹ́ àwa Yorùbá. Ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì máa mọra ti sún mọ́lé. Súnkànmí ní kí n kọ ewì tí a ó fi yẹ́ Baba sí lọ́jọ́ náà, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn: "Bọ̀ọ̀dá Tìmí, Faith ti sọ oríkì Baba fún mi o! Àdìgún Abójòwọlé! Ìyá tó bí wọn ló fi ń kì wọ́n, torí òjò ló lé ìyá náà wọlé láti oko, bó sì ṣe ń wọlé ló bí wọn. Inú ilé wọn nìkan ni wọ́n ti ń pè é, ará ìta kankan ò mọ̀ ọ́n ní Kàdúná níbí. Ẹ má sọ ọ́ síta o, ọjọ́ náà gan-an ni kí Baba gbọ́ ọ, kí orí wọn wú." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti dọ́wọ́ mi.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti ya wèrè. Fọ́tò kan jáde lórí ayélujára, Baba Gbádégẹṣin dì mọ́ olóṣèlú kan tí gbogbo yín ò fẹ́ rí sójú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Baba ti ta ìbò gbogbo Yorùbá Kàdúná. Kíá lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: "Akéwì Kánádà, ṣé ẹ ti rí i? Ẹ fi ewì dá sẹ̀ríà fún baba yìí!" Bẹ́ẹ̀ mo mọ òótọ́ o! Súnkànmí ló bá Baba lọ síbẹ̀, ó sì ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ìyá ọkùnrin náà ló kú, Baba lọ bá a kẹ́dùn, ọkùnrin náà bú sẹ́kún, Baba sì gbá a mọ́ra. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì jókòó kọ ewì. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kéwì lè má mọ bó ṣe ń ṣe wá: akéwì kì í lè nawọ́ sí èèyàn láìkọ́kọ́ kì í. Ìbáà jẹ́ ìyìn, ìbáà jẹ́ èébú, oríkì la fi ń ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ò dúró gba ìmọ̀ràn. "Àdìgún Abójòwọlé, òjò lo bá wọlé, ẹrẹ̀ lo fi sílẹ̀ fún wa." Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo fò sókè nínú yàrá, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin náà gbé e, ẹ gbé e kiri, débi pé àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò Baba bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Ẹrẹ̀! Ẹrẹ̀!" bí ọkọ̀ wọn bá ti ń kọjá.

Levi, yi sauri mana, tètè! Ẹ má bínú, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló dí wa lọ́nà. Ó ní, "Haba Malam, kí n fò ni?" Bó bá lè fò, kó fò!

Baba ò tiẹ̀ janpata nítorí ọ̀rọ̀ ìbò. Oríkì yẹn ló dùn wọ́n wọra. Wọ́n ní ẹnu ìyá àwọn ni wọ́n fi bú àwọn. Wọ́n bi Faith, Faith ní Súnkànmí nìkan lòun sọ ọ́ fún. Ó parí! Baba gbà pé Súnkànmí ló kó oríkì àwọn fún akéwì Kánádà, bí kì í bá ṣe òun gan-an ni akéwì náà. Súnkànmí wọ yàrá mi lọ́jọ́ náà, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Bọ̀ọ̀dá Tìmí, ṣé ẹ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?" Mo ní, "Èmi kẹ̀? Láéláé!" Kò tó mi, mo tún fi kún un: "Àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ lórí fóònù ló máa ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n pọ̀ ní Kánádà." Ó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi, níbi tí mo fi jákẹ́ẹ̀tì mi kọ́ sí, ó wò ó títí. Ó wá ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó sì jáde. Mo rò pé omijé ló ń fi pamọ́ fún mi.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ń bọ̀, ẹ dákun, ẹ má tíì pa fóònù yín. Wọ́n pe ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Baba bi í lójú gbogbo wa: "Súnkànmí, ìwọ lo bú mi?" Ó ní, "Èmi kọ́ ni, sà." Baba ní, "Ta wá ni?" Súnkànmí yíjú, ó wò mí. Gbogbo ilé bá a wò mí. Mo dìde. Mo fẹ́ sọ òótọ́, mo tiẹ̀ ti lanu! Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Baba, ẹ má bínú, ẹ forí jì í. Ìṣe ọmọdé ló ṣe." Mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mò ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé! Ẹni tí kò ṣẹ̀, mo bá a tọrọ àforíjì! Ta ló tún ń wá ẹ̀rí míì? Gbogbo ilé ní, "Háà, ọ̀rẹ́ ẹ̀ gan-an mọ̀!" Baba fọwọ́ ara wọn fà mí dìde. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Àmọ́ títí ẹni tó bú mi á fi fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, Faith ò ní í lọ ilé ẹ̀." Wọ́n pè mí ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́, mo sì ní ẹ ṣé, sà.

Súnkànmí ò bá mi jà. Kò yéé pọnmi sí garawa mi. Láàárọ̀ yìí ló kanlẹ̀kùn mi, ó wọ aṣọ funfun. "Bọ̀ọ̀dá Tìmí, mò ń lọ sọ́dọ̀ Baba. Màá gbà pé èmi ni. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ nà mí, wọ́n á dárí jì mí, wọ́n á sì fún mi ní Faith. Ẹ wá bá mi bẹ̀ wọ́n, bí ẹ ṣe bá mi bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́sí." Mo ní kó máa lọ, mò ń bọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wo garawa mi, omi kún un dé ẹnu. Ni nǹkan kan bá já nínú mi, mo bú sẹ́kún, mo bú sẹ́rìn-ín, mo sáré jáde, mo ń ké pe Levi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tí orí yín ń wú tí wọ́n bá yìn yín lórí fóònù, ẹ má jẹ́ kí ìyìn ẹni tí kò mọ̀ yín mú yín ta ẹni tó ń pọnmi fún yín. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ti ń lọ. Ẹ máa lọ, mi ò bínú. Ẹnì kan ní kí n lọ kú. Mò ń lọ tọrọ àforíjì ná.

A ti dé! Levi, dúró dè mí. Faith, má sunkún, jẹ́ kí n kọjá. Ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Súnkànmí ni, ó ti dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, ó ń wí pé, "Baba, èmi ni mo..." Irọ́ ni! Irọ́ ló ń pa, Baba, ẹ má gbà á gbọ́! Èmi ni! Èmi Tìmí tí ẹ pè lọ́mọ tó gbẹ̀kọ́, èmi ni Akéwì Kánádà! Rárá, sà, orí mi ò dàrú. Fóònù ló wà lọ́wọ́ mi, sà. Àwọn tó gbọ́ èébú tí mo bú yín ló wà lórí ẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtúúbá mi náà. Baba, ilé ọ̀fọ̀ lẹ lọ, mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ pé ìbò lẹ lọ tà. Orúkọ tí ìyá yín fi ń gẹ̀ yín, mo yí i nínú ẹrẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá sì lè dárí jì mí, ẹ fún Súnkànmí ní Faith, kí n máa jẹ ìyà tèmi lọ.

Kí lo wí, Súnkànmí? Sọ ọ́ sókè. Ó ní òun ti mọ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́! Ó ní ọjọ́ tí òun rí fọ́tò akéwì lórí fóònù Faith lòun ti rí òwú pupa lápá jákẹ́ẹ̀tì, ṣebí òun lòun ran án. Ó ní ẹni tóun ń pè ní bọ̀ọ̀dá, ẹnu òun kọ́ ló máa tú àṣírí ẹ̀. Òun ń retí kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ó sì wọ aṣọ funfun wá síbí, kó wá gbà pé òun ni! Yéè, Olúwa mi o. Dìde, àbúrò mi. Súnkànmí, mo ní kó o dìde, kó o bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Faith níbẹ̀ yẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, tèmi ni.