Pákó Ilé Àǹtí Ocie

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ fi kámẹ́rà yín sílẹ̀ ná. Ẹ ti rí ilé ńlá tí Elgin Mabry, gbajúmọ̀ onígìtá nì, kú sí ní Ṣikágò, ẹ rí ti Mẹ́ńfísì lánàá, ẹ wá dé Misisípì níbí láti wo ilé tí wọ́n bí i sí. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí èmi Cleotha Tarver ti ń fi ilé yìí han àlejò. Irọ́ ni mo ń pa. Ilé bàbá mi nìyí. Dókítà ní kíndìnrín mi ò lè gbé mi dé Kérésìmesì, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bákan náà ni gbogbo ilé àwa tí à ń já òwú rí: pákó, yàrá méjì, òrùlé páànù. Ilé àwọn Elgin àti tiwa dojú kọra. Ọmọ tí kò rí gìtá rà, á kan ìṣó méjì mọ́ ara ilé, á na wáyà láti ọ̀kan dé èkejì, á ki ìgò bọ abẹ́ rẹ̀, á sì máa ta á. Bẹ́ẹ̀ ni Elgin ṣe kọ́ orin. Nígbà tó kú, àwọn tó ń wá ilé tí wọ́n bí i sí, kí wọ́n lè máa mú àlejò wá wò ó, ránṣẹ́ pé ìṣó yẹn làwọn á fi dá a mọ̀. Àwọn aládùúgbò ti kó lọ sókè àríwá tán. Àwa àti Ocie, ẹ̀gbọ́n Elgin tó ṣì ń gbé ilé wọn, ló kù, òun náà sì ti lọ gba ìtọ́jú ojú nílùú.

Vernell, ìyàwó mi, ní, "Cleotha, ṣé bí a ṣe máa kú síbí láìsí ẹni tó mọ̀ wá nìyí? Pákó kan ṣoṣo ni o. Ta ló máa mọ̀?" Mo mú òòlù. Ọ̀sán gangan ni, mi ò tiẹ̀ tijú. Mo tú pákó náà lára ilé wọn tòun ti ìṣó àti wáyà, mo kàn án mọ́ ilé wa, mo fi tiwa dí ojú ibẹ̀. Àwọn tó ń wá ilé náà dé, wọ́n rí i, wọ́n gbà.

Nígbà tí Àǹtí Ocie padà dé, ó fọwọ́ wá ara ilé títí. "Cleotha, pákó Elgin dà?"

"Ó ti jẹrà, Àǹtí. Mo bá yín pààrọ̀ ẹ̀ ni."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó yan páì ọ̀dùnkún fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Láàárọ̀ Sátidé kan, bọ́ọ̀sì dúró bí èyí ṣe dúró yìí, Àǹtí Ocie sì rọra sọdá, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ti ṣìlé. Òdìkejì lọ́hùn-ún la bí Elgin sí. Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo tọ́ ọ." Obìnrin kan bi mí bóyá lóòótọ́ ni. Mo fi ìka yí ẹ̀bá orí mi, mo ní, "Ẹ má dá màmá lóhùn jàre. Orí wọn ò pé mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọdé.

"Cleotha, sọ fún wọn. Sọ ẹni tí mo jẹ́."

Mo wo ojú rẹ̀ tó ti funfun. Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀ yín rí."

Kò sọdá mọ́. Ó kú kí òwú ọdún náà tó là. Onílẹ̀ wó ilé rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilé pàtàkì ni, ó sì gbin ẹ̀wà sóyà síbẹ̀. Vernell náà ti lọ. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ tí bàtà Àǹtí Ocie ń wọ́lẹ̀ bọ̀ láti òdìkejì. Á dé ẹnu ọ̀nà mi, á dúró. Kì í kànkùn. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, mi ò ní rí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú yín, ẹ má ṣe pe ẹni tó ń sọ òótọ́ ní wèrè, ohun yòówù kí ẹ rí jẹ níbẹ̀. Mi ò lè bẹ Àǹtí mọ́, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ wàyí, ṣùgbọ́n ẹ kọ ẹ̀yìn sí ilé yìí. Oko sóyà apá òsì yẹn ni wọ́n bí Elgin sí. Ẹ dúró létí rẹ̀, kí ẹ pe Ocie Mabry lórúkọ, kí ẹ sọ fún un pé ẹ mọ ẹni tó jẹ́. Èmi á jókòó sínú bọ́ọ̀sì.